Ọ̀nà Kò Ní Ẹbí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Òfin Ìlú, Ilẹ̀, Ilé àti Títì

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí òfin tí ó de ilẹ̀, ilé kíkọ́ àti ojú títì nínú ìlú ńlá. Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó jọ ọ̀rọ̀ lọ́yà àti akọ̀wé ìjọba, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé wa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni èmi náà yóò sì ti mú un.

Ní àdúgbò tí mo gbé dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀nà kan wà tí ó gba iwájú ilé wa kọjá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọdé mẹ́fà a máa so ọwọ́ pọ̀ sáré níbẹ̀ láìfara kan ògiri. Bàbá kan ládùúgbò náà ni ó kọ́kọ́ mọ àtẹ̀gùn kọnkéré méjì síwájú ìsọ̀ rẹ̀, kí ọjà tí ó pàtẹ lè hàn sí èrò. Kò sí ẹni tí ó bá a wí, nítorí ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni ohun tí ó mú. Ẹni tí ó kọjú sí i wò ó títí, ó ta páànù síta láti fi bo oòrùn. Ẹnìkẹta mọ balùwẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ẹnìkẹrin gbé ẹnjìnnì ìlọta kalẹ̀ níbi tí balùwẹ̀ náà parí sí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó gbà ju àyè tí akete kan gbà lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, ikú wọ ilé kan, wọ́n gbé pósí jáde, pósí kò ráyè yí ní kọ̀rọ̀. Àwọn tí ó gbé e tì í síwájú, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ gbé e nàró bí ẹni gbé àkàbà, àwọn obìnrin ilé figbe ta pé èèwọ̀ ni, a kì í gbé òkú nàró. Bí wọ́n ti ṣe é tí ó fi kọjá, n ó sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ sópin.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà, tí kò sì tíì fi mí sílẹ̀ láti ìgbà náà, ni èyí: gbogbo ilẹ̀ àdúgbò wa ni ó ní ẹni tí ń jà fún un. Bí ará ilé kejì bá fi ìka ẹsẹ̀ kan lé ilẹ̀ ẹbí, dáwódù yóò ké, àwọn àgbà yóò péjọ, ọ̀rọ̀ yóò dé kóòtù, ọmọ yóò jogún ẹjọ́ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí gbogbo wa ń tọ̀ kò ní ẹbí. Kò ní dáwódù tí yóò ké fún un, kò ní ọmọ tí yóò jogún rẹ̀. Ẹni tí ó bù ú jẹ kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo olè. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìlú fi ń ṣòfin. Òfin ìlú ni dáwódù ohun tí kò ní ẹbí: ọ̀nà, gọ́tà, bèbè odò, afẹ́fẹ́ tí ó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Bí ó sì ti rí pẹ̀lú gbogbo dáwódù, ó lè ṣọ́ ogún, ó sì lè jẹ ogún. Òpó méjèèjì yìí ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mi lé.

Bí àwọn baba wa ti to ìlú

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Òyìnbó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún àwọn baba wa ní ẹ̀tọ́ wọn. Ẹni tí ó bá dúró síwájú ààfin ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú wa àtijọ́ yóò rí i pé ọjà ọba ni ó tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, pé láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀nà ńlá ti là lọ sí ẹnu ibodè, àti pé àdúgbò kọ̀ọ̀kan to agbo ilé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tirẹ̀ lábẹ́ olóyè tí ó jẹ́ ojú ọba níbẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìyẹn ni pé ẹni tí ó to ìlú ti ronú ibi tí ẹlẹ́rù yóò gbà wọlé àti ibi tí ológun yóò gbà jáde.

Òfin ilé kíkọ́ náà wà, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Kọ́bì tí ó yọrí lára ilé jẹ́ ti ààfin àti ti àwọn olóyè tí ọba bá fún láyè. Bí owó ènìyàn kún àká, kò gbọdọ̀ kọ́ ọ sí ilé tirẹ̀. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà, igi tí oòrùn kì í tètè pa, ẹni tí ó bá sì fà á tu lóru ti ṣe ohun tí àgbà kò ní sùn lé lórí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àdúgbò kọ̀ọ̀kan a yọ àdá àti ọkọ́ láti ro ọ̀nà tirẹ̀ títí dé ibi tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá jókòó sílé yóò sanwó ìtanràn.

Agbára òfin wọ̀nyí ni pé ojú mọ ojú. Ẹni tí ó dọ̀tí ọ̀nà mọ ẹni tí yóò kọsẹ̀ níbẹ̀, ó mọ ìyá rẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ ń fẹ́ àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú bá kún tí àlejò pọ̀ ju onílé lọ, tí ará òkè kò mọ orúkọ ará ìsàlẹ̀, ìtìjú kò tó de ènìyàn mọ́. Níbẹ̀ ni òfin alákọsílẹ̀ ti wọlé, Èkó sì ni ó kọ́kọ́ dé láàárín wa.

Gòlóbà, ẹ̀fọn àti eku

Ní 1861 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà, ní 1863, tí ìjọba tuntun náà fi gbé òfin àtúnṣe ìlú jáde láti darí bí a ó ti máa kọ́lé àti bí a ó ti máa tọ́jú ìmọ́tótó. Láyé John Glover, aláṣẹ Òyìnbó tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gòlóbà, ni ọ̀nà etí ọ̀sà, Ẹ̀hìngbẹ̀tì wa, gbòòrò di Marínà. Nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1867, tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn Kìrìsìtẹ́nì, tí àwọn ọmọ ìjọ Ẹ̀gbá sá àsálà wá sí Èkó, Glover fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n sì fi okùn wọn títì ibẹ̀ gbọọrọ, tí ọ̀kan fi ń dábùú èkejì bí ìlà inú ìwé ìṣirò. Ẹni tí ó bá ti inú kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó sọdá sí Èbúté Mẹ́ta lónìí yóò mọ̀ pé ọwọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó to ìlú méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí ni wolé-wolé dé, àwọn tí ìjọba ń rán láti yẹ ìmọ́tótó ilé wò. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín yóò rántí wọn: ṣòkòtò kákí, ìwé lábẹ́ abíyá, ọ̀pá kékeré lọ́wọ́. Wolé-wolé a ṣí ìdérí àmù, a tẹ ojú mọ́ omi, bí ó bá rí tanwíjí kan ṣoṣo tí ó ń jó nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti kóòtù. Bí ọmọdé bá ké láti orí òpópó pé wolé-wolé ń bọ̀, omi àmù tí ìyá ilé jí pọn ní ìdájí ni yóò kọ́kọ́ ṣàn sí gọ́tà. A bẹ̀rù wolé-wolé, a ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ilé wa kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi aṣọ bo ibi tí ó kù sí. Òfin ìlú ti 1917 pín àwọn ìlú Nàìjíríà sí ipò kìíní, ipò kejì àti ipò kẹta, Èkó nìkan ni ó sì wà ní ipò kìíní. Láyé òfin wọ̀nyí ni wọ́n ya ibùgbé àwọn Òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọmọ ilẹ̀, tí wọ́n ní kí ilẹ̀ òfìfo wà láàárín, tí wọ́n fi ìwọ̀n rẹ̀ sí yáàdì 440, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀fọn tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilẹ̀ kò lè fò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, omi ẹ̀rọ, gọ́tà àti títì ọlọ́dà a tètè dé ìhà kan, ìhà kejì a máa wò ó láti òdìkejì pápá. Dáwódù ti ń fi ogún gbogbo ilé tọ́jú ọmọ ìyàwó kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá tí ó wà lábẹ́ ìdílé Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tí ó ni ilẹ̀ Èkó. Ìjọba ní àṣẹ lásán ni Olóyè Àmọ́dù Tìjání ní lórí ilẹ̀ náà, pé kì í ṣe òun ni ó ni ín, nítorí náà owó gbà-má-bínú díẹ̀ ti tó. Olóyè náà kò gbà. Ní 1920 òun àti Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ fún ìjọba rí, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London. Ní 1921 Ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé gbogbo àwùjọ ni ó ni ilẹ̀ náà ní òtítọ́, pé owó tí ó yẹ onílẹ̀ gan-an ni kí ìjọba san. Ẹjọ́ yìí ló fi yé ayé pé òfin lè gba ilẹ̀ fún ànfààní ìlú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbà á bí ẹni pé ọwọ́ afẹ́fẹ́ ni ó ti gbà á.

Eku ni ó tún wá fún òfin ní apá kejì. Ní 1924 àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí ilé fún mọ́ ilé, tí oòrùn kò sì lè wọ ìyẹ̀wù. Ìjọba rí i pé egbòogi nìkan kò lè wo àìsàn tí ilé ń bí, wọ́n ṣe òfin ìṣètò ìlú Èkó ní 1928, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí LEDB sílẹ̀, kí ó lè ra ilẹ̀, kí ó wó ilé jẹgẹjẹgẹ, kí ó la títì, kí ó sì pín ilẹ̀ tuntun. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni Yábàá ti gòkè. Ní 1946, òfin bẹ́ẹ̀ di ti gbogbo Nàìjíríà.

Sùúrù tí a kò bi wọ́n bí wọ́n ní

Láti 1955 ni LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Èkó. Àlàyé wọn dára létí: ilé ti gbó, ọ̀nà ti há, iná lè mú àdúgbò run lóru kan, olú-ìlú tí ó ń retí òmìnira kò gbọdọ̀ ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀. Ilé náà ní fèrèsé ńlá, ó ní omi ẹ̀rọ, ó ní ọgbà. Kí ni ó tún kù?

Ohun tí ó kù ni oníbàárà. Ìyá tí ó ń ta aṣọ ní ojúlé rẹ̀ ní àárín Èkó, tí àwọn oníbàárà mọ ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ayé ìyá rẹ̀, wá dé ibi tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ó sì ní láti máa wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn dé tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó kù ni ẹbí: agbo ilé tí ìyá àgbà, àbúrò àti ọmọ ti ń jẹun nínú ìkòkò kan pín yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ sínú yàrá tí ìjọba wọ̀n, nítorí ilé tuntun kò ní àkọ̀dí. Sùúrù ní èrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí a mú sùúrù fún ni ó yẹ kí ó gba gbogbo èrè, kí ẹni tí ó ṣe sùúrù máa san owó ọkọ̀.

N kò sọ èyí láti sọ pé kí Ìsàlẹ̀ Èkó máa há títí láé. Èmi tí mo rí pósí tí kò ráyè yí ni yóò gbẹ́yìn láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé òfin tí ó mọ ìwọ̀n títì tí kò mọ ìwọ̀n ìgbésí ayé yóò la títì sórí ènìyàn.

Ìwé àṣẹ, àmì pupa àti ọ̀dà tí ó ti ṣá

Lónìí, òfin ti pọ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà láti tọ́jú fún ànfààní gbogbo ará ìlú. Ní Èkó, òfin ìṣètò ìlú tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2010 pín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan ń fún ni ní àṣẹ ìkọ́lé, àwọn kan ń ṣọ́ ilé bí ó ti ń gòkè, àwọn kan sì ń tún àdúgbò tí ó ti bàjẹ́ ṣe.

Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́lé ní òtítọ́, yóò kọ́kọ́ ní ìwé ilẹ̀ àti ìwé wíwọ̀n láti ọwọ́ sọ̀fíyọ̀. Ayàwòrán ilé yóò ya ilé náà, onímọ̀ ẹ̀rọ yóò sì ṣírò irin àti òpó rẹ̀. Aláṣẹ yóò wo bóyá ibùgbé ni a fẹ́ kọ́ sí àdúgbò ibùgbé, àbí ilé iṣẹ́ ni. Yóò wo bí ó ti jìnnà tó sí títì, sí ògiri aládùúgbò, sí odò. Yóò wo ibi tí omi òjò yóò gbà jáde. Bí ó bá tọ́, yóò fún un ní ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn náà, bí dẹ́kìn kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ gòkè, olùbẹ̀wò gbọ́dọ̀ wá wò ó. Òfin kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ẹ béèrè lọ́wọ́ bíríkìlà, yóò sọ fún yín pé onílé ní kí òun fi àjà kan kún un, kí òun dín irin kù, kí òun sì sáré kí olùbẹ̀wò tó dé; bí olùbẹ̀wò bá sì dé, owó kékeré kan ń dúró dè é nínú àpòòwé.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ọjọ́ 13 oṣù Máàṣì 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta-Fàájì, àwọn ọmọ ilé ìwé sì wà lókè rẹ̀ nínú kíláàsì. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti sàmì sí ilé náà rí pé wíwó ni yóò wó. Ẹ ronú sí i: ọ̀dà pupa wà lára ògiri, àwọn ọmọdé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lárààárọ̀, oòrùn ń ṣá a díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹni tí ó padà wá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Nòfẹ́ńbà 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀ ní Ìkòyí, ó sì pa èèyàn tí ó lé ní 40. Tálákà ni ó kú ní Ìta-Fàájì, olówó wà lára àwọn tí ó kú ní Ìkòyí. Kọnkéré tí kò dọ́gba kì í béèrè ìdílé.

Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, mọ ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ní kí ilé jìnnà sí bèbè odò. A kọ́ ọ sí bèbè Ògùnpa, a da ìdọ̀tí sínú omi, a sọ pé odò kékeré ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1980, Ògùnpa padà wá gba àyè rẹ̀, ó sì gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ, débi pé àwọn ará Ìbàdàn sọ ọjọ́ náà ní Omíyalé, orúkọ tí ó ń jẹ́ títí dòní. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2011, omi tún ya ilé. Odò pẹ̀lú kò ní ẹbí, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń jà fún ara ẹni.

Ẹni tí ó ń tà létí títì

Ó ku ọ̀rọ̀ títì. Òfin tí Èkó ṣe ní 2003 kà á léèwọ̀ láti máa ta ọjà lójú pópó. Ní 2016 ìjọba kéde pé owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 90,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, àti pé ẹni tí ó rà á jẹ̀bi pẹ̀lú ẹni tí ó tà á. Òtítọ́ ni pé títì tí agbada àkàrà gbà kò lè gba ọkọ̀ panápaná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí obìnrin tí ó ni agbada náà ní tẹ́lẹ̀. Bí ìyá alákàrà bá fi gbogbo ọjọ́ dín àkàrà, ó lè pẹ́ púpọ̀ kí èrè rẹ̀ tó pé 90,000. Òfin tí kò fi ibi tí yóò jókòó hàn án, ṣùgbọ́n tí ó mọ ibi tí kò gbọdọ̀ jókòó sí, kò ì tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣòfin. Kí ẹ kọ òfin náà ní èdè tí ẹni tí ó de gbọ́. Kò bójú mu kí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà tan ìyá àgbà ní ìtanràn. Kí gbà-má-bínú ṣáájú katapílà, kí ó má ṣe tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kí ẹni tí ó bá fi ọ̀dà pupa sára ògiri sì padà wá kí ọ̀dà náà tó ṣá. Lọ́wọ́ àwa ará ìlú, ohun kan ṣoṣo ni mo ń béèrè, mo sì rò pé ìyókù ìtàn pósí yóò sọ ọ́ jù mí lọ.

Nígbà tí àwọn tí ó gbé pósí rí i pé kò sí ọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóògbé sáré wọlé, ó gbé díga jáde. Ó wo àtẹ̀gùn kọnkéré méjì tí ó wà níwájú ìsọ̀, ó wo àwọn àgbà, ó sì gbé díga sókè. Bàbá rẹ̀ ni ó wà nínú pósí, bàbá rẹ̀ yìí náà sì ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ àtẹ̀gùn náà, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, ní ọdún tí ó ti pẹ́. A dúró nínú oòrùn, a gbọ́ ìró irin lára kọnkéré. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìkejì wó, ọ̀nà fẹ̀ tó, wọ́n gbé bàbá kọjá.